Àkísà Orí Ìṣó

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kọkànlá 1983

Yìnyín láti ìdájí. Òtútù dé ìwọ̀n mẹ́rin sísàlẹ̀ òdo. Lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn pé bí ara ẹ̀gbọ́n mi Sjur, tí àrùn ẹ̀gbà kọlù ní oṣù kẹwàá, bá ń yá lọ bó ṣe ń yá yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ kó wá ṣe ọdún Jul, Kérésìmesì wa, nílé. Mo ka "ó ṣeé ṣe" yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò mọ̀ bóyá ìlérí ni àbí ìkìlọ̀. Ta ni yóò gbé e gun òkè? Yàrá rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí mo bá gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí pálọ̀, atẹ́gùn ń wọlé níbi fèrèsé. Mo fi ìwé ìròyìn dí i. Ó ṣì ń wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kejìlá

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Wákàtí méjì ààbọ̀ nítorí yìnyín. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì gbé nǹkan, ẹnu ṣì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu kò ju mẹ́ta lọ: "bẹ́ẹ̀ ni", "rárá", àti èébú kan tí ìyá wa ì bá fi ọṣẹ fọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó na ọwọ́ òsì, ó ń yí i po bí ẹni tó ń ro nǹkan nínú ìkòkò.

"Ṣé tíì lẹ fẹ́ mu, Bọ̀ọ̀dá?"

"Rárá."

Nọ́ọ̀sì kékeré tó dúró níbẹ̀ ní, "Ọbẹ̀ ni Bàbá ń béèrè."

"Rárá." Ó wá fi èébú náà lé e. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gba méje irú ẹ̀ láti àárọ̀.

Ó tún yí ọwọ́ po, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

"Ọtí ọdún," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni." Omi yọ lójú rẹ̀. N kò rí omi lójú yẹn nígbà tí a sin Bàbá, n kò rí i nígbà tí a sin Ìyá.

Kò sí ọdún tí ilé wa, ilé Rongve, kò pọn ọtí kó tó di ọjọ́ Tọ́máàsì Apọntí, 21 Oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n èmi kò pọn ọ́n rí. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ wàrà. Nílé, èmi ni mo ń fa omi, èmi ni mo ń kó igi, Sjur a sì máa sọ pé, "Ọwọ́ kálámù nìyẹn, Mons. Gbé e jìnnà sí ìkòkò mi." Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí.

Mo ní, "Màá pọn ọ́n." Ó di apá ẹ̀wù mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun kó ìdààmú bá wọn tí wọ́n bá délé o. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò tíì wálẹ̀ tó. Ẹ̀gbà kejì kì í fi ọwọ́ kékeré mú èèyàn bíi ti àkọ́kọ́." Gbogbo ojú ọ̀nà ni gbólóhùn yẹn fi jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kejìlá

Ìfọ̀mọ́ ọdún. Mo fọ òrùlé inú, ògiri, àwọn ìlẹ̀kùn, aṣọ fèrèsé. Nígbà tí ọwọ́ mi ti wọ̀ ọ́, mo dé inú àká pàápàá, níbi tí Sjur kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbálẹ̀ kàn. Jàǹkárìwọ̀ kún un bí irun àgùntàn. Mo kó gbogbo àkísà tó wà níbẹ̀, mo fi sódà sè wọ́n nínú ìkòkò ńlá, mo sá wọn sókè àjà. Wọ́n funfun bí aṣọ pẹpẹ. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹwàá.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kejìlá

Mo tan àbẹ́là kejì nínú mẹ́rin tí à ń tàn kọ́dún tó wọlé. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kejìlá

Òtútù dé ìwọ̀n mọ́kànlá sísàlẹ̀ òdo. Arnfinn, ará ilé ìsàlẹ̀, fi katakata gbé ọkà báálì tó ti hù wá fún mi, àpò méjì. Ó ti wọ́n ju tèṣí lọ, ogóje kírónà lórí àpò kan. Ó bá mi gé ẹ̀ka igi júnípà tí a máa tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àgbá, kò sì dákẹ́ ẹnu.

"Bàbá Mons, ẹ̀yin náà fẹ́ pọntí? Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á fèsì."

Mo ní kó fi ẹ̀ka náà sílẹ̀, èyí tó ń gé yẹn ti gbẹ.

"Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tó bá bàjẹ́, mo ní ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà tí ò mọ ọtí dáadáa yàtọ̀ sí burúkú."

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kejìlá

Mo wọ àká láti mú ìwúkàrà.

Ìṣó rẹ̀ wà lára òpó, lápá òsì ẹnu ọ̀nà, níbi tí ó ti wà láti ayé bàbá bàbá wa. Kò sí nǹkan kan lórí ìṣó.

Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Àkísà tí ìwúkàrà ilé Rongve ti gbẹ mọ́, aláwọ̀ ilẹ̀, tó le bí awọ, èyí tí Sjur máa ń rì sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí lọ́dọọdún tí yóò sì tún sá kọ́ títí dọdún mìíràn. Mo ti fi sódà sè é. Mo ti sá a sórí àjà. Mo gun àjà lọ, mo rí i láàárín àwọn yòókù. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé igun kan ti gé kúrò lára rẹ̀. Ó funfun. Ó ń rùn bí ọṣẹ.

Arúgbó mélòó ló ti pa nǹkan tó dàgbà ju ilé rẹ̀ lọ, tó sì tún fi inú dídùn lọ sùn lẹ́yìn rẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kejìlá

Mo ti gé tẹ́ẹ́rẹ́ lára àkísà náà sínú ìgò omi ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná, bóyá ìwúkàrà rẹ̀ ṣì wà láàyè. Láti àná. Mo dìde wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí ìfófòó, kò sí òórùn. Àkísà nínú omi ni.

Tẹlifóònù dún láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́rú, 21, ni ọkọ̀ wọn yóò gbé Sjur wá. Ọjọ́ Tọ́máàsì gan-an. Nọ́ọ̀sì ní láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un ló ti ń yí ọwọ́ òsì po fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kejìlá

Arnfinn yà wá. Ó rí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná kí n tó gbé e pamọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Oògùn ikọ́."

Ó wò ó, ó wò mí. Lẹ́yìn ife kọfí kejì ó kàn ń wo iná, ó ní, "Tó bá jẹ́ tèmi ni o, Bàbá Mons, ìwúkàrà burẹ́dì ti ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣiṣẹ́. Ọtí á kàn máa dùn bí burẹ́dì ni."

"Sjur á mọ̀."

"Sjur á mọ̀ kẹ̀. Ó lè fi imú lásán sọ orúkọ ẹni tó pọntí tó wà nínú ife." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé yín náà le o. Lọ́dún 1936 bàbá mi wá bẹ bàbá yín ní ìwọ̀n ṣíbí kan péré. Bàbá yín ní kó jókòó, ó fún un ní ọtí mẹ́ta, ó fún un ní ẹran, ó sìn ín dé géètì. Kò fún un ní ìwúkàrà. Ìwúkàrà Rongve kì í jáde nílé. Ẹ̀yin ni, ẹ ò ní yá ará yín."

Òótọ́ ni. Nítorí náà kò sí ẹni tí mo lè lọ bá lágbègbè yìí tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ tiwa.

N kò lè sùn. Mo ti ń rí i bí Sjur yóò ṣe gbé ife kúrò lẹ́nu tí yóò wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kejìlá

Àbẹ́là kẹta. Òjò yìnyín olómi, ojú ọ̀nà ń yọ̀ bíi gíláàsì.

Kí n kúkú kọ ọ́ síbí, nítorí n kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Igun tó gé kúrò lára àkísà yẹn, èmi ni mo gé e. Oṣù kejì 1949. Bàbá tó bí Ingjerd, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, kú, wọ́n gbọ́dọ̀ pọn ọtí ìsìnkú, ìwúkàrà tiwọn sì ti kan. Ó pàdé mi lójú ọ̀nà ilé iṣẹ́ wàrà, kò bẹ̀ mí, ó kàn sọ ọ́ fún mi. Mo wọ àká nígbà tí Sjur wà lóko igi, mo fi àlùmágàjí gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, mo fi agolo tábà gbé e fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó fẹ́ Nils, ó sì bá a lọ sí òdì-kejì ọ̀sà. N kò mọ̀ bóyá ó gbé e dání. Sjur rí igun tó gé, ó ní eku ni.

Nils ti kú. Mo kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí Ingjerd nígbà náà, ojú ewé kan. Ṣé ẹni tó bá kọ ojú ewé kan ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lè lọ kan ilẹ̀kùn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kejìlá

Ọjọ́ Lussi. Ìyá wa máa ń sọ pé ẹni tí iṣẹ́ ọdún rẹ̀ kò bá tíì parí lọ́jọ́ yìí, iwin obìnrin tí wọ́n ń pè ní Lussi yóò gba ihò èéfín wọlé wá fọ́ ilé ìdáná rẹ̀. Èmi kò tíì bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbì ga, mo di irin mú títí ọwọ́ mi fi kú.

Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ingjerd wà nídìí tábìlì, ó ń yí burẹ́dì pẹlẹbẹ ọdún. Ó wò mí láti fìlà dé bàtà, kò sì dá ọwọ́ dúró.

"Mons Rongve. Ṣé àgbò lo wá rà?"

N kò mọ ohun tó ń wí. Mo ní rárá, n kò wá ra àgbò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, títí ó fi fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun nu ojú. "Jókòó, jàre. Ojú yẹn náà ni. Ìwọ lẹnì kejì láti ilé yẹn tó máa gba ẹ̀yìnkùlé mi wọlé pẹ̀lú irú ojú yẹn."

Mo jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìfọ̀mọ́, sódà, ìgò, Sjur. N kò tíì parí tó fi dìde. Ó gbé òrùka igi kan wá láti inú yàrá ìpamọ́, tí wọ́n fi ègé igi kéékèèké hun bí ẹ̀gbà ọrùn, ìwúkàrà gbẹ sí gbogbo ihò rẹ̀.

"Agolo tábà rẹ nìyí," ó ní. "Kò kú rí. Ọdọọdún ni mo ń pọn ọ́n."

"Àbí ó ti yí padà? Omi ibí yàtọ̀, ilé yàtọ̀. Bí Sjur bá tọ́ ọ wò tó ní kì í ṣe tiwa ńkọ́?"

"Mons, láti ìgbà tó o ti wà ní ọmọ ogún ọdún lo ti ń sọ 'bí ó bá ṣe èyí ńkọ́'. Ká ní o dín in kù díẹ̀, ì bá ti..." Kò parí rẹ̀. Ó fọ́ ègé mẹ́rin kúrò lára òrùka, ó dì í sínú bébà. "Jẹ́ kó gbóná bí wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọmú màlúù jáde. Má ka ìwé sí i lórí. Kí o sì pariwo dáadáa."

Mo bi í ta ni ẹnì kìíní tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ní kí n máa lọ, ọkọ̀ fẹ́ gbéra.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kejìlá

Mo dáná láti aago mẹ́rin. Omi júnípà kọ́kọ́ hó, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Arnfinn dé ní aago méje, ó bá mi da ọkà sí i. A sẹ́ ẹ, a tún sè é fún wákàtí mẹ́rin, ó pọ́n bí bàtà tuntun. N kò jẹun. Mo fi ìwọ̀n ooru sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta.

"Bàbá Mons, Sjur máa ń fi ìgúnpá ṣe é ni o," Arnfinn wí. "Ó kàn máa ń tì í bọ̀ ọ́."

"Ìgúnpá Sjur ni. Tèmi ò mọ nǹkan kan."

Ìwé tí mo yá ní ilé ìkàwé sọ pé kó tutù dé ogún kí a tó fi ìwúkàrà sí i. Mo dúró títí ó fi dé ogún. Mo ti rántí ọ̀rọ̀ Ingjerd o, ṣùgbọ́n ìwé jẹ́ ìwé. Mo kó ègé mẹ́rin náà sínú rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ku igbe. Ẹni tó bá fi ìwúkàrà sí ọtí gbọ́dọ̀ ké láti ìsàlẹ̀ ikùn, kí ohun burúkú lè sá kúrò nínú àgbá. Bí igbe bá ṣe le tó ni ọtí á ṣe le tó. Igbe Sjur máa ń mú kí ajá òkè kejì gbó. Mo la ẹnu. Ojú ń tì mí nítorí Arnfinn.

Arnfinn ní, "Ṣé igbe yẹn ti jáde, àbí ẹ ń húkọ́?"

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kejìlá

Aago mẹ́fà: kò sí nǹkan. Aago mẹ́sàn-án: kò sí nǹkan. Ọ̀sán: ojú rẹ̀ tẹ́jú bí omi kànga. Mo fi etí lé àgbá. Ọkàn ara mi ni mo ń gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kejìlá

Títí di aago mẹ́wàá kò mira. Mo jókòó tì í, mo ń ṣe ìṣirò: ọjọ́ márùn-ún. Kò sí àyè láti pọn òmíràn. Mo rántí Ìyá nígbà tí ọ̀dọ́ àgùntàn bá tutù, kì í bi ìwé. Ó máa ń gbé e sínú ẹ̀wù ni.

Mo gbé ìkòkò omi gbígbóná mẹ́ta yí àgbá ká. Mo sọ ẹ̀wù onírun Sjur kalẹ̀ láti orí ìkọ́, mo wọ̀ ọ́ fún àgbá náà, mo so bẹ́líìtì rẹ̀. Ó wá dà bíi pé òun gan-an ló jókòó síbẹ̀, ọlọ́rọ̀ mẹ́ta, tó ń wò mí. Bóyá ìyẹn ló fà á. Mo la ẹnu, igbe kan sì jáde tí n kò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Ológbò sá. Yìnyín já lórí òrùlé àká. Mo tún ké, mo sì tún ké lẹ́ẹ̀kẹta, fún ẹ̀gbà, fún sódà, fún agolo tábà, fún ogójì ọdún ní ilé iṣẹ́ wàrà.

Arnfinn sáré dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. "Kí ló wó lù yín?"

"Mo ń pọntí ni."

Ó gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀. Ó wo àgbá tó wọ ẹ̀wù. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi dé e.

Ní aago mẹ́rin, òórùn kan jáde bí èso ọsàn. Mo ká ẹ̀wù sókè. Ìfófòó funfun ti bo ojú rẹ̀, ó ń gun bèbè.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kejìlá

Ó ti ṣiṣẹ́ tán, mo ti fà á sínú àgbá kékeré. Mo ri aṣọ ọ̀gbọ̀ tuntun sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, mo sá a sórí ìṣó. Mo ra aṣọ tó dúdú díẹ̀ kí ó má baà hàn pé tuntun ni. Mo rí i pé irọ́ ni mò ń pa fún aláìsàn. N kò tọ́ ọtí náà wò. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kejìlá

Ìjì. Rédíò ní ojú ọ̀nà orí òkè lè di títì pa. Mo ń gbàdúrà kó ṣí, mo sì ń gbàdúrà kó tì. Ọ̀rọ̀ mi á ti sú Ọlọ́run.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kejìlá, ọjọ́ Tọ́máàsì

Ọ̀nà ṣí. Wọ́n gbé e dé ní aago kan. Ó ti fúyẹ́. Èmi àti Arnfinn gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná. Kò kí ẹnikẹ́ni, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ń fà á sínú, ó ń yí orí kiri bí ajá ọdẹ.

Arnfinn ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Sjur. Àbúrò yín ké débi pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ò jẹun fún ọjọ́ méjì."

Mo bu ọtí sínú abọ́ igi, èyí tí wọ́n ya orí ẹṣin sí etí rẹ̀ méjèèjì. Díẹ̀ dà sí mi láṣọ. Mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó mu ẹ̀ẹ̀kan. Ó pa ojú dé. Ó mu ẹ̀ẹ̀kejì, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú, ó sì wò mí. Kì í ṣe ìwò ìdúpẹ́. Ìwò ẹni tó ń ka nọ́ńbà ilé tó ti gbé rí ni.

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá?"

Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ rárá. Ó yí ojú sí fèrèsé.

Arnfinn mu tirẹ̀, ó ní ó dáa, ó ní ó le bí ìyá ìyàwó òun. N kò gbọ́ ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kejìlá

Ó ń mu ún. Abọ́ kan lọ́sàn-án, abọ́ kan lálẹ́. Mo ń wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Ó ga díẹ̀ lánàá. Ó ń wò mí bí mo bá kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń mọ̀ ọ́n ní ọrùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kejìlá

Aago ṣọ́ọ̀ṣì lù ní márùn-ún, ọdún wọlé. A jẹ ìhà àgùntàn. Mo se ìrẹsì oníwàrà, mo bu abọ́ kan, mo fi bọ́tà sí àárín fún bàbá kékeré inú abà, iwin tó ń ṣọ́ ilé wa, mo sì ń gbé e jáde lọ nígbà tí Sjur gbá orí tábìlì.

"In," ó ní.

Mo dúró. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ya. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀, kó má ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá.

"In... gjerd."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ sínú ìrẹsì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀: sódà, àkísà, agolo tábà 1949. Mo ní kó bú mi, èébú yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Kò bú mi. Ó gbé ìka méjì ọwọ́ òsì sókè. Ó fi tọ́ka sí mi. Ó fi tọ́ka sí àyà ara rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń wí. Ó tọ́ka sí kálámù mi, kálámù yìí. Ó fi ọwọ́ òsì di í mú bí ẹni di ọ̀kọ̀, ó fa nǹkan wíwọ́ méjì sí etí ìwé ìròyìn: 63.

Mo wò ó títí. Nígbà náà ni mo rántí. 1963, ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ọdún, àká jò, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ hukàsì. Sjur ní òun ń lọ sí òdì-kejì ọ̀sà lọ ra àgbò. Ó lọ láàárọ̀, ó dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò fa àgbò kankan dé. Èmi gan-an ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Àjíǹde.

Ìwúkàrà tó wà lára àkísà tí mo fi sódà sè, láti ọ̀dọ̀ Ingjerd ló ti wá. Ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bo ìwúkàrà mọ́ mi lára, tí èmi náà sì ń bo igun mọ́ ọn lára, ìkan náà sì ni.

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eku," mo ní.

"Rárá," ló wí, apá ẹnu tó ṣì ń gbọ́ràn sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo se ìrẹsì mìíràn. Bàbá inú abà kò gbọdọ̀ sùn lébi nítorí tiwa.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kejìlá

Àwọn òbúkọ ọdún, àwọn aládùúgbò tó ń múra bí ewúrẹ́ kiri ilé, yà wá, mẹ́ta, awọ ewúrẹ́ lórí, ìbòjú lójú, wọ́n ń fa ohùn sínú kí a má baà dá wọn mọ̀. N kò mọ ẹnì kankan. Sjur tọ́ka sí ẹsẹ̀ ẹnì kan tó wọ bàtà méjì tí kò bára mu. Arnfinn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kìíní 1984

Ogúnjọ́ tí Jul ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún ti parí, àgbá ti gbẹ. Òòrùn yọ fún wákàtí kan. Ẹni tó bá yá ìwúkàrà, ìwúkàrà ló fi ń san án. Mo rọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí sínú ìgò. Mo ní èmi nìkan ni n óò lọ, ọkọ̀ ojú omi kò dáa fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Sjur wọ ẹ̀wù onírun rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí.

Arnfinn gbé wa dé èbúté. Ìgbì kò pọ̀. Mo di Sjur lápá ọ̀tún mú, mo gbé ìgò sábẹ́ aṣọ kó má baà dì. Nígbà tí a dé ilé Ingjerd, mo yà sí ẹ̀yìnkùlé bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́sí. Sjur fi ọ̀pá gúnlẹ̀.

"Rárá."

Ẹnu ọ̀nà iwájú ló kọjú sí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọn kì í lo ibẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú Nils gba ibẹ̀ jáde, ó dájú pé kò tíì ṣí." Yìnyín dé orókùn níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé ìgò kalẹ̀, mo bá a fi ọwọ́ wà á. Ó kan ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́. A gbọ́ bí Ingjerd ṣe ń jà pẹ̀lú ìdábùú inú. Nígbà tí ó ṣí, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri, ó ti bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó sì di ìlẹ̀kùn mú. Kò sí ẹni tí í gba iwájú wá bí kò ṣe ìròyìn kan.

"Ta ló kú?"

Mo la ẹnu láti dáhùn, Sjur sì fi ìgúnpá gbá mi. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà. A dúró dè é nínú òtútù, èmi àti obìnrin náà, ìgò ìwúkàrà wà láàárín wa.

"Kò," ó ní. Ó mí. "Kò sẹ́ni."